Èló ni kíṣìnì tuntun? Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé mítà wo ni wọ́n ń sọ

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mi jù ni pé "èló ni wọ́n ń ṣe kíṣìnì báyìí?", bí ẹni ń béèrè iye kóńgò gàrí. Mo mọ ohun tó ń fà á ṣá. Ẹ ti kọ́lé tán, tàbí ẹ fẹ́ tún ilé bàbá yín ṣe, ẹ ti rí kíṣìnì alárà lórí Instagram, kábínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ògiri látìsàlẹ̀ dókè, ẹ wá pe káfíńtà méjì, ọ̀kan ní mílíọ̀nù 1.5, èkejì ní mílíọ̀nù 4, kíṣìnì kan náà o! Ẹ wá gbà pé ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ fi yín jẹ. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan kan náà làwọn méjèèjì ń sọ, bí ọ̀kan ṣe wọn ògiri yàtọ̀, bóòdù tó wà lọ́kàn ẹ̀ yàtọ̀, ohun tí ọ̀kan kó sínú owó yẹn, èkejì ti yọ ọ́ kúrò kò sì sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ mítà ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù.

Káfíńtà tó ń ṣe kíṣìnì sábà máa ń pe owó ní "per mítà", ìyẹn rọ́nìn mítà. Ohun tó ń sọ ni pé òun máa na téèpù sára ògiri níbi tí kábínẹ́ẹ̀tì máa gbà kọjá, gígùn yẹn lòun máa kà, òun ò ní ka fífẹ̀ ẹ̀ tàbí gíga ẹ̀. Ẹni tó ń ta gíránáìtì ní tiẹ̀ lè pe sùkúéà mítà fún yín, ìyẹn gígùn lọ́nà fífẹ̀. Àwọn àgbà káfíńtà sì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ṣì ń lò, mítà 1 sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, torí náà tí ẹnì kan bá ní ₦61,000 tí ẹlòmíì ní ₦200,000, ẹ fara balẹ̀, iye kan náà ni wọ́n lè máa pè, ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà pè é, èkejì fi mítà pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú kíṣìnì kan ká fi ṣe é. Ògiri kan jẹ́ mítà 3.6, èyí tó pàdé ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ jẹ́ mítà 3, kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ máa tẹ̀ lé ògiri méjèèjì bíi lẹ́tà L. Tẹ́ ẹ bá na téèpù sára ògiri, 6.6 lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ máa ń yọ síta ní nǹkan bíi 60 sẹ̀ńtímítà, torí náà ní kọ̀rọ̀ yẹn, níbi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, ẹ ti ka 60 sẹ̀ńtímítà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ó ku 6. Ẹ ò tíì ṣe tán. Kúkà tó ń dá dúró máa gba 60 sẹ̀ńtímítà, fíríìjì máa gbà tó 90, kò sí kábínẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, àlàfo lásán ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Ó ku 4.5. Ká wá ní ₦200,000 ni per mítà kan (ìṣirò ni mo fi ń ṣe o, ẹ má mú un lọ bá káfíńtà yín jà), 6.6 máa jẹ́ ₦1,320,000, 4.5 máa jẹ́ ₦900,000. ₦420,000 lówó àlàfo àti kọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò sọ pé ẹni tó ka 6.6 fẹ́ jí yín lówó. Kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀rọ̀ ń jẹ bóòdù, ó ń jẹ àkókò, hínjì ẹ̀ gan-an yàtọ̀, àwọn káfíńtà kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti dín owó mítà kan kù látìbẹ̀rẹ̀ torí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ògiri làwọn máa kà. Ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ ni pé kí gbogbo àwọn tó ń pe owó fún yín wọn ọ́n bákan náà. Ẹ ya kíṣìnì yín sórí ìwé, kò pọn dandan kó rẹwà, ẹ kọ gígùn ògiri síbẹ̀, ẹ fi ibi tí fíríìjì máa wà hàn, ibi tí wíńdò wà, ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, kẹ́ ẹ wá fún gbogbo wọn ní ìwé kan náà.

Gíránáìtì náà ń kó èèyàn sí irú pàkúté yìí. Ẹnì kan ní ₦70,000 fún rọ́nìn mítà, ẹlòmíì ní ₦100,000 fún sùkúéà mítà. Ta ni ò ní sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni ₦70,000? Ó dáa, mítà 4.5 wa yẹn lọ́nà ₦70,000 jẹ́ ₦315,000. Tá a bá sọ ọ́ di sùkúéà mítà, 4.5 lọ́nà 0.6 (60 sẹ̀ńtímítà tí kábínẹ́ẹ̀tì fi yọ síta yẹn) jẹ́ 2.7, lọ́nà ₦100,000 ó jẹ́ ₦270,000. Ẹni tí owó ẹ̀ dún lẹ́nu lowó ẹ̀ kéré. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó fún un, ẹ bi í bóyá ó máa gé ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ fún yín àbí odindi pẹpẹ òkúta lẹ máa rà, torí tó bá jẹ́ odindi, èyí tó ṣẹ́ kù náà lówó yín ni. Ẹ bi í nípa etí ẹ̀ náà: gíránáìtì tó wọ́pọ̀ lọ́jà ò nípọn ju bíi sẹ̀ńtímítà 2 lọ, èyí tẹ́ ẹ ń rí tó nípọn gbàgìdì létí yẹn, ẹ̀là míì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un. Ihò tí síńkì máa wọ̀, owó ọ̀tọ̀. Ihò kúkà tó ń wọ inú òkúta, owó ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé, àwọn tó máa gbé e gòkè náà máa gbowó, ó sì tọ́ sí wọn, òkúta yẹn wúwo.

Ẹni tó bá ní màbù lòun fẹ́, ẹ gbọ́ o. Màbù dáa, Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń wà á jáde látọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátò, fínígà, ásíìdì tó wà nínú wọn ń jẹ màbù, ibi tí omi tòmátò bá kán sí tó pẹ́ díẹ̀ máa ṣú, dídán ẹ̀ á lọ, ẹ lè fi kànìnkànìn ha á títí, kò ní kúrò. Gíránáìtì ò mọ ìyẹn lára.

Ó tún ku ìbéèrè kan nípa mítà yìí, ìbéèrè kékeré tó lè sọ owó di ìlọ́po méjì: ṣé ìsàlẹ̀ nìkan ni ₦200,000 yẹn àbí ìsàlẹ̀ àti òkè? Káfíńtà kan lè ní tòkètìsàlẹ̀ ni, òmíì lè ní rárá, òkè ní tiẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó kọ ọ́ bóyá hínjì wà níbẹ̀, irú èyí tó ń rọra pa dé fúnra ẹ̀ àbí èyí tó ń dún gbàà, bóyá hándù wà níbẹ̀, síńkì ńkọ́, ẹ̀rọ omi ńkọ́, owó ọkọ̀ ńkọ́, owó tí wọ́n máa fi gbé e kọ́ sára ògiri ńkọ́. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì lẹ lọ bá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé bóyá VAT, ìyẹn owó orí ìjọba lórí ọjà, wà nínú owó yẹn àbí wọ́n máa fi 7.5% lé e tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó. 7.5% lórí mílíọ̀nù 4 jẹ́ ₦300,000, ìyẹn kì í ṣe owó ìgbàgbé.

Ó yá, bóòdù. Bóòdù tí wọ́n fi ṣe ara kábínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí ẹ̀, ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, kì í ṣe ilẹ̀kùn tó ń dán lójú. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ni gbogbo èèyàn máa ń fọwọ́ pa ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́ káfíńtà, ẹ mú àjẹkù bóòdù tó fẹ́ lò nílẹ̀, ẹ wo ibi tí ayùn ti gé e. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀là igi tín-ín-rín tó to léra wọn, plywood nìyẹn. Tó bá jẹ́ wúrúwúrú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tó ń já dànù tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́, chipboard nìyẹn. MDF àti HDF, tó jẹ́ igi lílọ̀ kúnná tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, dán lójú gígé, kò sí ihò, HDF ló wúwo jù. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ òdodo ọ̀rọ̀, ẹ mú àjẹkù yẹn lọ sílé, ẹ jù ú sínú garawa omi kó sun ibẹ̀. Chipboard tí wọn ò fi nǹkan bo etí ẹ̀ máa wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì lọ́jọ́ kejì. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra chipboard o, tí owó ò bá tó, ẹ lò ó fún tòkè níbi tí omi ò lè dé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ síńkì rárá.

Abẹ́ síńkì ni gbogbo kíṣìnì ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Páìpù á máa kán díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i, torí kòkò àti kànìnkànìn àti ọṣẹ ló kún ibẹ̀. Torí ẹ̀, tí owó ò bá tó fún bóòdù gidi káàkiri, ẹ ní kí wọ́n fi PVC, ìyẹn bóòdù oníke, tàbí marine plywood, ìyẹn plywood tí omi kì í tètè bà jẹ́, ṣe abẹ́ síńkì nìkan, kí tó kù jẹ́ HDF. PVC ò bẹ̀rù omi, ikán ò sì lè jẹ ẹ́. Ooru ló ń bá a jà, torí náà ẹ má fi í ṣe èyí tó gbá kúkà mú.

Ẹ lè ka bóòdù náà fúnra yín, kò le. Odindi bóòdù kan jẹ́ 8 by 4, ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ́nà 4, ìyẹn tó sùkúéà mítà 3 dín díẹ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kan tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ńtímítà, tẹ́ ẹ bá ka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdí ẹ̀, pẹpẹ kan nínú ẹ̀ àti ilẹ̀kùn, ń jẹ nǹkan bíi sùkúéà mítà 2, mi ò ka ẹ̀yìn ẹ̀ torí bóòdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ìgékù kún un, kábínẹ́ẹ̀tì méjì máa jẹ nǹkan bíi bóòdù kan ààbọ̀. Mítà 4.5 wa jẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì 7 àti ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi bóòdù 6. Ẹni tó bá wá ní bóòdù 12 lòun máa rà fún tìsàlẹ̀ nìkan, ẹ ní kó jókòó kó ṣàlàyé. Dúrọ́wà ló lè mú kó lọ sókè, torí dúrọ́wà kọ̀ọ̀kan ní àpótí tiẹ̀ àti irin méjì tó ń yí lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kábínẹ́ẹ̀tì onídúrọ́wà mẹ́ta fi ń wọ́n ju onílẹ̀kùn lọ. Dúrọ́wà méjì tàbí mẹ́ta tó fún ṣíbí, ọ̀bẹ àti aṣọ ìnuwọ́, tó kù kó jẹ́ ilẹ̀kùn.

Ilé ẹbí wá yàtọ̀ sí fúláàtì tọkọtaya tuntun. Àpò ìrẹsì 50 kílò máa wọbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25 máa wọbẹ̀, àti ìkòkò àríyá ìyá yín tí kábínẹ́ẹ̀tì kankan ò lè gbà torí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ju 60 sẹ̀ńtímítà lọ. Ẹ má gbé irú ẹrù yẹn sórí pẹpẹ kábínẹ́ẹ̀tì, ó máa tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un nílẹ̀ tàbí nínú sítóò. Odó náà, ẹ wá ibì kan fún un lẹ́yìnkùlé, àti ibi tí wọ́n á ti máa fi igi dáná tí ìnáwó bá dé, torí kò sẹ́ni tó máa ro àmàlà fún 50 èèyàn lórí kúkà olójú mẹ́rin tẹ́ ẹ rì sínú gíránáìtì. Òrùlé páànù kékeré àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ẹ kọ ọ́ mọ́ owó kíṣìnì látìbẹ̀rẹ̀.

Ká sòótọ́, fún irú ilé bẹ́ẹ̀, èmi fẹ́ràn kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tí bíríkìlà bá ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n máa fi búlọ́ọ̀kù tò ní ìdúró-ìdúró, wọ́n á da kankéré pẹlẹbẹ sórí ẹ̀, wọ́n á tẹ́ gíránáìtì tàbí táìsì lé e, káfíńtà á wá ṣe férémù àti ilẹ̀kùn nìkan. Àwọn èèyàn ń pè é ní ti àtijọ́. Àtijọ́ yẹn náà ni ikán ò rí jẹ tí omi ò sì rí wú. Bóòdù tẹ́ ẹ máa rà máa dín kù gan-an, owó yẹn lẹ máa fi ra hínjì gidi. Àléébù ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ ò lè sún un mọ́, ibi tí síńkì wà ló máa wà.

Àwọn owó tí kì í sí nínú ìwé káfíńtà ló kù, àwọn yẹn ló sì ń dá iṣẹ́ dúró sí agbedeméjì. Púlọ́ńbà máa gbé páìpù síńkì lọ síbi tuntun, wọ́n máa họ ògiri, bíríkìlà máa rẹ́ ẹ padà. Ríwáyà máa fa wáyà ọ̀tọ̀ fún ófùnù tó bá jẹ́ oníná, kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríìjì, ó sì máa fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún èyí tó wà lókè gíránáìtì torí bùlẹ́ńdà, kẹ́tù àti máíkúrówéfù máa ń wá iná lẹ́ẹ̀kan náà. Táìsì ògiri wà. Heat extractor tó ń fa èéfín wà, páìpù tó máa gbé èéfín síta wà, torí tí kò bá ní páìpù, ṣe ló kàn ń fẹ́ òórùn irú yíká inú ilé. Gáàsì náà: gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, tó bá wá wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì tó pa dé, ibẹ̀ ló máa kó jọ sí títí ẹnì kan á fi ṣáná. Ìta ni kí sìlíńdà wà, nínú kéèjì onírin, kí páìpù gba ògiri wọlé. Kéèjì, páìpù àti iṣẹ́ ẹ̀, ẹ kọ owó wọn sílẹ̀. Gbogbo èyí ló máa ń ṣáájú kábínẹ́ẹ̀tì, torí náà tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo owó fún káfíńtà, kò ní sí ohun tí ẹ máa fi ṣe wọ́n. Táìsì pàápàá gbọ́dọ̀ ti wà lára ògiri kí káfíńtà tó wá wọn ìwọ̀n tó kẹ́yìn, gíránáìtì sì ń dúró di ìgbà tí kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ bá ti wà nílẹ̀.

Torí ẹ̀, bí mo ṣe máa ń ní káwọn èèyàn ṣe é ni pé kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ní sílẹ̀, kí wọ́n yọ bíi 15% sápá kan fún ohun tí ò sẹ́ni tó retí, kí wọ́n yọ owó púlọ́ńbà, ríwáyà, táìsì àti gáàsì, kí wọ́n yọ owó kúkà àti síńkì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lowó kábínẹ́ẹ̀tì àti gíránáìtì. Ó máa kéré sí èyí tẹ́ ẹ rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n báyìí.

Owó tí ẹbí ń dá pọ̀ tún ní tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London ní òun máa fi ìdajì ránṣẹ́, àbúrò tó wà l'Ékòó ní òun máa mú tiẹ̀ wá tóṣù bá parí, àǹtí ní òun ti ń bọ̀. Lóṣù mẹ́ta, ọjà ti yí padà. Hínjì, irin dúrọ́wà, HDF, síńkì, gíránáìtì bíi black galaxy tó ń wá láti Íńdíà, dọ́là ni gbogbo ẹ̀ ń tẹ̀ lé, gbogbo wa la sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti June 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé fún yín fi máa ń gbé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré. Ẹ má pín in ní ìdajì-ìdajì. Ẹ pín in ní nǹkan-nǹkan: ẹ̀gbọ́n London ra gíránáìtì, àbúrò ra bóòdù àti hínjì, àǹtí gba ti púlọ́ńbà àti táìsì. Ẹni tówó ẹ̀ bá tètè dé, kẹ́ ẹ ra tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní Ọdún-Adé, ọjà ohun ìkọ́lé l'Ékòó, tàbí níbi yòówù tẹ́ ẹ ti ń rajà, kẹ́ ẹ kó o sílé, kí rísíìtì wọ WhatsApp ẹbí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti àsansílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ káfíńtà máa béèrè 70%, wọ́n sì ní ìdí, torí owó yẹn ni wọ́n fi ń ra bóòdù. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ jọ lọ ra bóòdù, kẹ́ ẹ san owó yẹn fún ẹni tó ń ta á, kí káfíńtà gba owó iṣẹ́ ẹ̀ ní ọ̀tọ̀, díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ tí àpótí bá ti wà lára ògiri, kí 10% ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín títí ẹ máa fi lo kíṣìnì yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́sẹ̀ méjì yẹn, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fi àwo tó wúwo sínú dúrọ́wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ síńkì láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ìdí páìpù. Tí tíṣù bá tutù, ẹ pe púlọ́ńbà kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà wá gba 10% ẹ̀.